Ọjọ́ Tí Ìkúnlẹ̀ Jẹ Ìbò Wa

Àwọn ológun ló wà lórí àlééfà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ò sì tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Bí èèyàn bá ní òun ń lọ dìbò nígbà náà, àwọn ará ilé á bi í pé ìbò wo, ṣé èyí tí wọ́n á tún wọ́gi lé ni? Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń gbá básíkẹ́tì lórí pápá wa lónìí, tí ẹ ń wọ ṣọ́ọ̀tì láìwẹ̀yìn, ẹ rò pé ṣe ni pápá náà kàn wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n fẹ́ gbà á, a sì ní wọn ò ní rí i gbà. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ẹ̀bi tèmi níbẹ̀, nítorí mi ò mọ ìtàn tí a fi ń yin ara ẹni í sọ.

Àdúgbò Ìlódè ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti bí mi. Mo ga ju àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ìyá mi sì máa ń sọ pé kí n máa tẹ̀ díẹ̀ tí mo bá ń rìn, kí ọkọ má baà sá. Mi ò tẹ̀. Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama ló fún mi ní bọ́ọ̀lù, ó ní kí n jù ú sínú irin róbótó kan tí wọ́n kàn mọ́ òpó. Nígbà tó wọlé, mo mọ̀ pé mo ti rí iṣẹ́ tí mo wá ṣe láyé. Mo gbá a fún ilé ẹ̀kọ́ wa, mo gbá a fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ fún ọdún mẹ́fà, títí di ọjọ́ kan tí mo fò sókè ní Ìbàdàn tí mo sì sọ̀ kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lọ́nà tí kò dára. Orúnkún mi ọ̀tún yí. Dókítà ní màá rìn, ó ní mo tiẹ̀ lè sáré díẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún náà ò ní tẹ̀ mọ́ láéláé.

Ẹ wá rò ó wò: obìnrin Ifẹ̀ tí kò lè kúnlẹ̀. Ẹjọ́ ni mo ń rò kiri. Bí mo bá wọ ilé olókùú, tí mo bá pàdé ìyá ọkọ mi, tí àlùfáà bá ní ká jọ gbàdúrà, mo ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé orúnkún. Àwọn kan gbà mí gbọ́. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, pé eré ọkùnrin tí mò ń ṣe ló wọ̀ mí lórí. Inú mi máa ń bàjẹ́ gidigidi, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Nígbà tí mi ò lè gbá a mọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan lọ́nà Mayfair gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin wọn. Mi ò ní dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, torí àwọn ọmọ ẹni tó ṣe wá níbi ṣì ń kí mi lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kóòṣì ni gbogbo èèyàn ń pè mí láti ìgbà náà, títí kan ọkọ mi.

Nǹkan méjì ni mo máa ń kọ́ ọmọ tuntun kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Èkínní ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Nínú básíkẹ́tì, tí o bá ti di bọ́ọ̀lù mú tí o dúró, ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà níbi tó wà. O lè fi èkejì yí síhìn-ín, yí sọ́hùn-ún, bẹ̀rẹ̀, nà, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ bá kúrò nílẹ̀, wọ́n á gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ. Mo pe ẹsẹ̀ tí kì í kúrò ní ẹsẹ̀ onílé, mo pe èkejì ní ẹsẹ̀ àlejò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ kan láti Modakeke, Mórádékẹ́, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kóòṣì, ní ìlú yìí, ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò, ẹ rọra sọ ọ́ o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wa mọ̀ pé ìjà Ifẹ̀ àti Modakeke ló ń sọ.

Èkejì ni ìkúnlẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ bá mi kúnlẹ̀. Ẹ má kí àgbà lókèèrè. Ẹ lọ bá a níbi tó wà, kí orúnkún yín méjèèjì kanlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ tí Kóòṣì kọ́ kò lẹ́kọ̀ọ́." Wọ́n gbọ́ràn. Kò sí ẹgbẹ́ eré ìdárayá tó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ bíi tiwa ní gbogbo Ifẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kúnlẹ̀ tí èmi dúró lẹ́yìn wọn, ó máa ń dà bí ẹni pé èmi náà ti kúnlẹ̀.

Ọkùnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Olúdélé. Òun ló ní kí wọ́n sọ pápá básíkẹ́tì di ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn ọ̀gá. Àwọn ọkùnrin ní pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwọn. Pápá yẹn nìkan ni àwọn ọmọbìnrin ní. Mo kọ lẹ́tà, wọn ò dáhùn. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì.

"Kóòṣì," ó ní, "ọmọbìnrin mélòó ló máa fi básíkẹ́tì jẹun?"

"Ọkọ̀ yín mélòó ló ń sunkún pé oòrùn ń pa òun?" ni mo fi dá a lóhùn. Ó ní kí n jáde.

Ṣùgbọ́n òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ pé ẹnikẹ́ni ò lè yí pápá eré kankan padà láìjẹ́ pé alága eré ìdárayá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí i. Ìbò alága náà sì ti sún mọ́lé. Ọmọkùnrin kan, Túnjí, ti ṣèlérí fún Olúdélé pé òun á fọwọ́ sí i. Ọmọ tí kò burú ni Túnjí. Kò kàn lè sọ "rárá" fún ọ̀gá ni. Mórádékẹ́, tó ti di olórí ẹgbẹ́ wa, ní òun á bá a du ipò náà. Ọ̀rọ̀ wá dá ṣáká: bí Mórádékẹ́ bá wọlé, pápá wà, bí kò bá wọlé, pápá lọ.

Ìbò orí ìlà ni wọ́n ń dì nígbà náà. Olùdíje á dúró síwájú, àwọn tó fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì ka orí. Kò sí ìwé, kò sí àpótí. A rò pé kò sí bí wọ́n ṣe máa jí èyí, torí ojú gbogbo èèyàn ló ń ṣe. Olúdélé fi òfin kan kún un, ó kà á sí wa létí ní àárọ̀ ọjọ́ náà: ẹni tó bá kúrò lórí ìlà kí wọ́n tó kà á ti sọ ìbò rẹ̀ nù. Òfin náà dùn létí. Èmi gan-an mi orí sí i.

Ìlà Mórádékẹ́ gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ igi máńgòrò, ó gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì. Ti Túnjí ò tó ìdajì rẹ̀. Olúdélé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ó ń wo aago. Mo rò pé ó ń dúró de àwọn tó pẹ́ ni.

Ọkọ̀ kan wọlé. Bàbá Olóyè ló wà nínú rẹ̀, alága ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ ẹni tó kọ́ wa. Gbogbo èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí wa. Àwọn ọmọ mi yíjú wò mí. Mo mi orí sí wọn, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Wọ́n sáré lọ. Àwọn ọmọbìnrin tó wà lórí ìlà, ọ̀pọ̀ wọn tí kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, tẹ̀ lé wọn, torí kò sí ọmọ tó máa rí ẹlòmíì tó ń kúnlẹ̀ fún àgbà tí yóò dúró máa wòran. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ yí Bàbá ká. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá! Ẹ kú ìrìn, Bàbá!" Bàbá ń súre fún wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn Túnjí kàn tẹrí ba níbi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má kúrò.

Olúdélé fọn fèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà.

"Ọ̀gá!" mo pariwo. "Àgbà ni wọ́n lọ kí!"

"Ta ló ní kí wọ́n má kí àgbà? Wọ́n kúrò lórí ìlà."

"Ẹ̀yin lẹ pe Bàbá wá."

"Bàbá ló ni kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣé mo máa lé Bàbá ni?"

Kí àwọn ọmọ tó dìde, kí wọ́n tó sáré padà, ó ti kà tán. Wọ́n ti gbé Bàbá sínú ọkọ̀, ó ń juwọ́ sí wa, kò mọ nǹkan kan. Túnjí wọlé. Mo dúró síbẹ̀. Mórádékẹ́ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló pa mí.

"Kóòṣì," ó ní, "ẹ̀yin lẹ mi orí sí wa."

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹ̀kọ́ tí mo fi ń bo orúnkún mi mọ́lẹ̀ ló gba ìbò lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi, Olúdélé sì ti kíyè sí i tipẹ́. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ràn jù, ó sì fi dẹ páńpẹ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹkún ti tán, ìbínú ló kù.

Ní aago méje àárọ̀, a ti wà lórí pápá. Mórádékẹ́ ló mú àbá náà wá: eré tí kò ní parí. Márùn-ún máa kojú márùn-ún. Ẹni tó bá rẹ̀ á jáde, ẹlòmíì á wọlé. Bọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ dúró láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, típà kan gbé òkúta wẹ́wẹ́ wá. Awakọ̀ náà tẹ fèrè ọkọ̀. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù wọn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gúnwà sórí táyà àlòkù kan.

"Ìyá," ó bi mí, "àwọn wo ló ń borí?"

Olúdélé bínú dé. "Gbogbo yín ni màá lé kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Mórádékẹ́ dá a lóhùn, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ onílé rẹ̀ ò yẹ̀, "ẹ ní sùúrù. A ò tíì dá eré dúró."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbá a. Àwọn ìyá onílé tí àwọn ọmọ wa ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Modakeke se ẹ̀wà wá, àwọn ará Ìlódè gbé omi wá. Nígbà tí Olúdélé rí i pé ìhàlẹ̀ ò ràn wá, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó pe Fúnmiláyọ̀, ọmọ Ìlódè tó mọ̀ ọ́n jù sínú irin ju gbogbo wọn lọ, ó ní, "Ìwọ ọmọ Ifẹ̀, ọmọ Modakeke lo fẹ́ fi ṣe olórí?"

Ọmọ náà ní, "Sà, ọmọ Modakeke ló ń ju bọ́ọ̀lù sí mi. Bí kò bá jù ú, kí ni mo fẹ́ sọ sínú irin?"

Lọ́jọ́ kẹrin, kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà pé kí a tún ìbò náà dì. Olúdélé ní òun gbà, ṣùgbọ́n òfin ìlà ò yí padà. Ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Bàbá tún ń bọ̀.

Mo kó àwọn ọmọ jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní, "Wọ́n á tún mú Bàbá wá. Kí la máa ṣe?"

"Ká dijú," Fúnmiláyọ̀ sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ká má kí i?" ọmọ kan béèrè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Mórádékẹ́ dìde. Ó tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀ gbọin, ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan níbi tó wà. "Ẹsẹ̀ onílé ńkọ́, Kóòṣì? A ó kúnlẹ̀, a ò sì ní kúrò."

Mo ní kò dáa. Kíkí àgbà lókèèrè, lórí orúnkún kan? Ojú máa tì mí. Wọ́n á ní èmi ni mo kọ́ wọn.

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa," ó ní. "Bí Bàbá bá bínú, a ó lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbò ni."

Ọjọ́ ìbò dé. Ìlà wa tún gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Olúdélé tún ń wo aago. Ọkọ̀ Bàbá wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Láti abẹ́ máńgòrò títí dé géètì, gbogbo ìlà Mórádékẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ kan dúró, orúnkún kan nílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá!" Ẹnikẹ́ni ò kúrò.

"Ṣé ojú yín fọ́ ni?" Olúdélé kígbe. "Ẹ ò lè wá kí àgbà? Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe bí yín?"

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn ò dìde.

Bàbá dúró lórí ọ̀pá rẹ̀. "Kí ló dé tí àwọn ọmọ mi ò sún mọ́ mi lónìí?"

Mo lọ bá a. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú pé mo dúró, orúnkún mi ni." Mo wá sún mọ́ etí rẹ̀, mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Ìjelòó tí àwọn ọmọ wá kí yín, Ọ̀gbẹ́ni Olúdélé ní wọ́n kúrò lórí ìlà. Ó gba ìbò wọn."

Bàbá wo àwọn ọmọ tó kúnlẹ̀. "Kíkí tí wọ́n kí mi ló jẹ ìbò wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó yíjú sí Olúdélé. "Délé. O wá mú mi nílé, o ní àwọn ọmọ ń retí mi. O fi irun funfun mi dẹ páńpẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ." Olúdélé dọ̀bálẹ̀. Bàbá ò wò ó. Ó ní, "Kóòṣì, kà wọ́n. Kà wọ́n níbi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí."

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo kà wọ́n. Mo rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo ń fọwọ́ kan orí kọ̀ọ̀kan, mo ń ké e sókè: ọmọ Ifẹ̀, ọmọ Modakeke, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ tíṣà. Nígbà tí mo dé géètì, ohùn mi ti há. A fi ìlà Túnjí sílẹ̀ jìnnà réré. Mórádékẹ́ wọlé, kò sì fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ̀n ọ́n. Pápá wà níbẹ̀ títí dòní. Èyí la jèrè. Ṣùgbọ́n Olúdélé gba ìgbéga lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èmi wà ní ipò kan náà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi ẹ̀sùn àìgbọràn kan Mórádékẹ́, wọ́n sì de sátífíkéètì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún méjì. Nígbà tó yá, ìjà Ifẹ̀ àti Modakeke tún bẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ wa sì tú ká; ó tó ìgbà kan tí Fúnmiláyọ̀ àti Mórádékẹ́ ò lè sọdá ojú títì kan ṣoṣo láti rí ara wọn. Bàbá kú kí àlàáfíà tó dé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò tíì bẹ Mórádékẹ́ títí di ọjọ́ tí mò ń kọ èyí, mi ò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n dákẹ́, kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́.

Èmi náà jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó san án. Mórádékẹ́ ti di kóòṣì báyìí, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òṣogbo. Lọ́dún tó kọjá, mo wọ ọkọ̀, mo lọ bá a. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹsẹ̀ onílé nígbà tí mo dé. Ó rí mi, ó kígbe, òun àti gbogbo ọmọ náà sì kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n wà, orúnkún kan, ẹsẹ̀ kan gbọin.

Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ sọnù. Mo ní, "Mórádékẹ́, èmi ni mo mi orí sí yín lọ́jọ́ náà. Ká ní orúnkún yìí lè tẹ̀ ni, ìwọ ni ǹ bá kúnlẹ̀ fún lónìí."

Kò dìde. Ó gbé ojú sókè wò mí, omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, Kóòṣì," ó ní. "Bí gbogbo wa bá kúnlẹ̀, ta ló máa kà wá?"